Ta Ló Ni Ẹrù Ọkọ̀ Tí Kò Ní Ẹ́ńjìnnì?

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọkọ̀ tí a ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò lè rìn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò ni pé kò lè dúró dáadáa mọ́ pẹ̀lú. Ẹ wo awakọ̀ tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Yóò pa ẹ́ńjìnnì, yóò fa háńbírékì, yóò sì tún fi ọkọ̀ sí jíà kìn-ín-ní kó tó bọ́ sílẹ̀. Kí ló dé? Ó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tó ń mú ọkọ̀ lọ náà ló ń bá a di táyà mú nígbà tí kò bá ṣiṣẹ́. Nítorí náà, bí a bá yọ ẹ́ńjìnnì tí a sì yọ jíà pẹ̀lú rẹ̀, ohun méjì la gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: agbára àtilọ, àti púpọ̀ nínú agbára àtidúró. Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni pé, nígbà tí ọkọ̀ bá ti rí báyìí, tó sì di dandan kí a gbé e kúrò níbi tó wà, ọrùn ta ni ẹrù rẹ̀ wà?

Ẹni tó bá ń gbé ní Ilo-Awela, ní agbègbè Ọ̀tà àti Sàngó, mọ̀ pé ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn mẹkáníìkì nìkan. Ìlú ilé iṣẹ́ ni Ọ̀tà. Ọkọ̀ akẹ́rù, kòròpé, ọ̀kadà, oníṣòwò àti ọmọ ilé ìwé ló jọ ń lo ẹ̀gbẹ́ títì kan náà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ wọn. Bí ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì bá bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tì í, kò ní béèrè ẹni tó jẹ̀bi kó tó kọlu ẹni tó bá bá lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ọkọ̀ tí à ń sọ. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wà ní títì wa máa ń wà, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé àárín ni tiwọn wà. Ọ̀kan nínú wọn ni Toyota MR2, ọkọ̀ eré kékeré tó ń gba ènìyàn méjì, èyí tí Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1984 tí wọ́n sì ṣíwọ́ ní 2007. Ẹ́ńjìnnì àti jíà rẹ̀ wà lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ tí à ń rí lójoojúmọ́ ní Ọ̀tà, ṣùgbọ́n a ní àwọn ìbátan rẹ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ kòròpé tí à ń wọ̀ lọ sí ọjà àti ilé ìwé ló jẹ́ pé abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì wọn wà. Ìdí nìyí tí ooru fi máa ń mú ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Àwọn òbí wa sì mọ Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá, èyí tí ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́, ní Èkó, lọ́dún 1975. Ẹ̀yìn pátápátá ni ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ wà.

Bí a bá sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ohun tó kù nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò rí bákan náà. Ti Ìjàpá rọrùn. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló so ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́ jíà. Bí ẹ́ńjìnnì bá kúrò, jíà ṣì wà ní ipò rẹ̀, táyà sì ń yí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ jíà Ìjàpá àtijọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò bá a lọ, nítorí pé ara jíà náà ni apá méjèèjì tó gbé táyà ẹ̀yìn ti jáde wá. MR2 tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ́ńjìnnì àti jíà rẹ̀ jọ ń bọ́ sílẹ̀ ni, táyà ẹ̀yìn sì lè wà ní ipò wọn, bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà bá mọ ohun tó yẹ kó fi sílẹ̀. Ṣáàfù méjì ló ń gbé agbára láti inú jíà lọ sí táyà. Orí ṣáàfù kọ̀ọ̀kan gba àárín bẹ́ríìnì táyà kọjá, nọ́ọ̀tì ńlá kan sì fún un mọ́ ibẹ̀. Bí mẹkáníìkì bá fa ṣáàfù yìí jáde pátápátá, ohun tó di bẹ́ríìnì pọ̀ ti lọ nìyẹn. Táyà yóò ṣì máa yí bí wọ́n bá ti ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n bẹ́ríìnì á máa bàjẹ́ nínú. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ yóò fi orí ṣáàfù sílẹ̀ níbẹ̀, yóò fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ padà, yóò sì fi okùn so apá tó kù mọ́ ara ọkọ̀ kó má baà máa fì dirodiro.

Kò tán síbẹ̀. Ẹ̀yìn ni ó ju ìdajì ìwúwo MR2 lọ wà. Bí ẹ́ńjìnnì àti jíà bá kúrò, ẹ̀yìn á fúyẹ́, sípíríìnì á gbé e sókè, iwájú á wá di ibi tó wúwo. Táyà ẹ̀yìn yìí kan náà sì ni háńbírékì ń dì mú. Táyà tí kò sí ẹrù tó tó lórí rẹ̀ kì í di ilẹ̀ mú bó ṣe yẹ. Lórí iyanrìn tàbí ilẹ̀ tí òjò ti rin, háńbírékì lè mú táyà kó má yí, kí ọkọ̀ sì máa yọ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Bírékì ẹsẹ̀ náà á le bí òkúta, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ló máa ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti gbé bátìrì kúrò, kò sí iná, kò sí fèrè. Síbẹ̀, ara tó kù ṣì wọn ju 700 kílò lọ, bí ẹni pé a to àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rìnlá sórí táyà mẹ́rin. A ti gba agbára ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n a kò gba ìwúwo rẹ̀. Ohun tí a kì í kíyè sí nìyí: bí a bá yọ agbára kúrò lára nǹkan, ewu rẹ̀ kì í bá a lọ.

Wàyí o, ká ní ẹnì kan gbé irú ọkọ̀ yìí wá sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ilo-Awela nítorí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì. Ọ̀gá mẹkáníìkì sọ ẹ́ńjìnnì àti jíà kalẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ní òun ń lọ wá ẹ́ńjìnnì mìíràn ní ọjà Ládípọ̀, ní Múṣín. Ọ̀sẹ̀ di oṣù, kò padà wá. Ọ̀gá nílò ààyè fún iṣẹ́ mìíràn, ló bá ké sí àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n wá ti ọkọ̀ náà lọ sí òdìkejì títì. Bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì, ta ni yóò dáhùn?

Ìdáhùn tó máa kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni ọlọ́kọ̀. Àwọn àgbà ló sọ pé ibi tó wúwo lolóhun ń gbé. Òun ló ra ọkọ̀, òun ló gbé e wá, òun ló ní kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, òun ló sì lọ tí kò padà. Òtítọ́ wà nínú èyí, n kò sì fẹ́ kí ọlọ́kọ̀ kankan ka àròkọ yìí kó rò pé mo ti sọ ẹrù kúrò lọ́rùn òun. Ẹni tó bá pa ọkọ̀ rẹ̀ tì sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ti sọ ìṣòro tirẹ̀ di ìṣòro àdúgbò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ òwe yẹn wò dáadáa. Ta ni olóhun? Ọlọ́kọ̀ ló ni ọkọ̀, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè má ṣiṣẹ́, síbẹ̀ jíà rẹ̀ ṣì lè dì í mú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àìlera tuntun tó bá a, àìlè dúró yẹn, inú ṣọ́ọ̀bù la ti bí i. Ọwọ́ tó mú sípánà ló bí i. Bí ọlọ́kọ̀ bá jẹ́ olóhun ọkọ̀, ọ̀gá mẹkáníìkì ni olóhun àìlera náà títí dìgbà tí yóò fi dá agbára ọkọ̀ náà padà, tàbí tí yóò fi fà á lé ẹlòmíràn tó mọ̀ pé òun ń gbà á lọ́wọ́.

Ẹ wo dókítà tó fún aláìsàn lóògùn oorun kó lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Aláìsàn ló fọwọ́ sí ìwé, aláìsàn ló ni ara rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí oorun bá ti gbé e lọ, kò sí ẹni tí yóò sọ pé kó máa ṣọ́ èémí ara rẹ̀. Ẹni tó gba agbára ìṣọ́ra lọ́wọ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ. Ìmọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Ọlọ́kọ̀ lè má mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ríìnì. Ó lè má mọ̀ pé háńbírékì kò dá a lójú mọ́. Ọ̀gá mọ̀. Ẹni tó mọ ewu kò lè pín ẹ̀bi dọ́gba dọ́gba pẹ̀lú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá mẹkáníìkì lè dá mi lóhùn pé, “Èmi náà ní ẹbí tí mò ń bọ́. Ọlọ́kọ̀ kò tíì san owó iṣẹ́, kò gbé fóònù, ọkọ̀ rẹ̀ gba ààyè tó yẹ kí n fi jẹun. Ṣé títí láé ni n óò máa ṣọ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni?” Ọ̀rọ̀ gidi ni, kò sì yẹ kí ọmọ ilé ìwé kankan tó jókòó sábẹ́ fáànù máa fi ojú kékeré wò ó. Ohun tí mo rò ni pé ìṣòro náà bẹ̀rẹ̀ kí ọlọ́kọ̀ tó dẹ́kun gbígbé fóònù. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n tú nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ láìbéèrè ìbéèrè mẹ́ta. Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá kúrò, níbo ni ara ọkọ̀ yóò dúró sí? Bí ó bá di dandan láti gbé e kúrò níbẹ̀, àwọn wo ni yóò tì í? Kí ni yóò sì dá a dúró?

Ìbéèrè mẹ́ta yìí kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ń pín ẹrù náà bó ṣe tọ́. Ọlọ́kọ̀ yóò mọ̀ pé owó ààyè wà nínú owó iṣẹ́, àti pé bí òun bá kọjá ọjọ́ tí wọ́n jọ dá, owó náà yóò máa gùn sí i. Yóò fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, nítorí pé sítíárìn tó bá ti tì pa kì í ṣí láìsí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ tí a ń tì tí a kò lè darí sì burú ju èyí tó dúró sójú kan lọ. Ọ̀gá ní tirẹ̀ yóò fi orí ṣáàfù sílẹ̀ nínú bẹ́ríìnì, yóò wá wẹ́jì igi méjì sílẹ̀, yóò sì yan ibi tó tẹ́jú kó tó gbé jáàkì sábẹ́ ọkọ̀. Bí ọlọ́kọ̀ bá wá da àdéhùn, ọ̀gá lè bínú, ó lè gba owó ààyè, ó lè kọ̀ láti dá ẹ́ńjìnnì padà títí yóò fi gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ohun tí kò lè ṣe ni kó ti ọkọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ títì kó sì pa ojú dé. Ẹni tó ń kọjá lọ ní títì kò jẹ ẹ́ lówó.

Ó ku àwọn ọmọ iṣẹ́. Nínú ìtàn yìí, àwọn ni a kì í sábà rántí, bẹ́ẹ̀ àwọn ni ara wọn sún mọ́ ewu jù. Ẹ wo bí a ṣe ń ti ọkọ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ni agbára wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò rí iwájú. Ẹni tó jókòó nídìí sítíárìn rí iwájú, ṣùgbọ́n kò ní agbára kankan àfi bírékì tó ti le àti háńbírékì tí kò ṣe é gbójú lé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dá ọkọ̀ náà gbé láìsí èkejì. Ohun kan ṣoṣo tó so wọ́n pọ̀ ni ohùn. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kò ní ti ọkọ̀ rárá, tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ láti máa gbé wẹ́jì tẹ̀ lé táyà, kó sì máa wo títì. Ó yẹ kí àmì onígun mẹ́ta tí à ń pè ní C-caution wà lójú ọ̀nà níwájú àti lẹ́yìn. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pé òun fẹ́ fi ọwọ́ tàbí àyà dá ọkọ̀ dúró. Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rìnlá tó ń yí bọ̀ kì í mọ ọmọ akin.

Níbí ni ìbéèrè tó le jù lọ wà, pàápàá fún àwa tí a tọ́ dàgbà láti máa bọ̀wọ̀ fún àgbà. Bí ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù lọ bá rí i pé nǹkan kò dára, ṣé ó lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé, “Ọ̀gá, ẹ dúró”? Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọmọ yóò dákẹ́ kí wọ́n má baà ní ó yájú. Èrò tèmi ni pé ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀wọ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ tó kígbe kí ọkọ̀ tó dé ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ ti bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá ju ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kí i láàárọ̀ tó sì wò ó níran lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n a kò lè di ẹrù yìí ru ọmọ nìkan. Ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kan ọkọ̀, pé: “Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá ní ká dúró, gbogbo wa la máa dúró, n kò ní bínú.” Ọ̀gá tó lè sọ gbólóhùn yìí ti fi ohùn rọ́pò ohun tó yọ kúrò lára ọkọ̀. Ó ti dá agbára àtidúró padà fún un.

Ohun tí a sọ nípa ọkọ̀ yìí kan ohun tó tóbi jù ú lọ. Ní 2007, Michelin ṣíwọ́ ṣíṣe táyà ní Port Harcourt. Ní 2008, Dunlop ṣíwọ́ tirẹ̀ ní Ìkẹjà. Ìdí tí ilé iṣẹ́ fi ń kógbá sílé pọ̀, àwọn mìíràn nínú wọn sì kọjá agbára ẹni tó ni ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìlú tí ilé iṣẹ́ bá kúrò nínú rẹ̀ dà bí ọkọ̀ tí a sọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kalẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ kò dín kù: àwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wọn ṣì wà, owó ilé ṣì ń bẹ láti san. Ìlú bíi Ọ̀tà, tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ló mú ọ̀pọ̀ ènìyàn wá sínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ mọ ìbéèrè mẹ́ta yẹn lórí: níbo ni wọn yóò dúró sí, ta ni yóò tì wọ́n, kí ni yóò dì wọ́n mú?

Ó kan ilé àti ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Òbí tó yọ ọmọ kúrò nílé ìwé kó lè lọ kọ́ṣẹ́ lè má ṣe ohun tó burú. Iṣẹ́ ọwọ́ níyì, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ sì ń jẹun nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òbí tó yọ ọ́, ó yẹ kó ti mọ ibi tí ọmọ náà yóò dúró sí, ẹni tí yóò tì í lẹ́yìn, àti ohun tí yóò dì í mú nígbà tí ọ̀nà bá di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Olùkọ́ tó gba ohun tí ọmọ gbójú lé, yálà ipò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ eléré ìdárayá ni tàbí ìgboyà tó fi ń dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì, kò gbọ́dọ̀ yí padà lọ bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí. Ó lè ní ìdí tó dára láti gbà á. Ìdí tó dára kò sì sọ pé kó má dúró ti ọmọ náà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi tún tilẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí mo fi ṣe àkọlé ni èyí. Ọlọ́kọ̀ ní ìpín tirẹ̀, àwọn tó ń tì í ní ìpín tiwọn, àwa tí à ń kọjá lọ náà sì lè dúró díẹ̀ kí wọ́n ráyè. Ṣùgbọ́n ẹni tó yọ ẹ́ńjìnnì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ẹrù náà, kó sì gbé e pẹ́ jù, nítorí pé òun ló mọ ohun tó yọ. Yíyọ rọrùn ju àtitò padà lọ. Kí a tó fi sípánà kan nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ ká ti gbé wẹ́jì sábẹ́ táyà.